Bí Sìdíkátù Ṣe Ń Wá Nǹkan Nínú Ìwé Tí Kì Í Parẹ́

Ní àdúgbò tí Sìdíkátù ń gbé ní Egan, nílùú Èkó, kò sí ẹni tó lè sọ iṣẹ́ tó ń ṣe ní pàtó. Àwọn kan ní tíṣà kọ̀ǹpútà ni, àwọn mìíràn ní àwọn olóògùn ló ń bá ṣiṣẹ́. Ìyá rẹ̀ tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ ti yanjú ọ̀rọ̀ náà ní tirẹ̀. Bí wọ́n bá bi í, á ní, "Ọmọ mi ń bá wọn wá nǹkan tó sọnù ni." Sìdíkátù kì í bá a jiyàn, nítorí nínú gbogbo àlàyé tí àwọn èèyàn ń ṣe, ti ìyá rẹ̀ ló sún mọ́ òótọ́ jù. Ibi tí kò ti péye ni pé àwọn nǹkan náà kò sọnù rárá. Wọ́n wà níbi tí wọ́n kọ wọ́n sí, wọn ò sì lè parẹ́ láé. Bí a ó ṣe rí wọn ni iṣẹ́.

Sìdíkátù ti tó ẹni ọdún mọ́kàndínlógójì. Ohùn rẹ̀ kò ga, kì í sì í fèsì lórí ohunkóhun àfi tó bá ti kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kí ó tó di ẹni tó ń jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, yàrá káàdì ló wà ní ilé-ìwòsàn aládàáni kan ní Igando, ọdún mẹ́sàn-án gbáko ló sì lò níbẹ̀. Ẹni tó bá ti gba káàdì nílé-ìwòsàn rí mọ irú yàrá bẹ́ẹ̀: ojú fèrèsé kékeré kan, pẹpẹ onírin láti ilẹ̀ dé àjà, eruku, àti aláìsàn tó ti dúró títí tí ẹsẹ̀ ń ro ó.

Bàbá Zacchaeus ni olórí wọn níbẹ̀, ọmọ ìjọ Áńgílíkà kan láti Ìjẹ̀bú-Igbó tí kì í pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni. Òun ló kọ́ Sìdíkátù pé káàdì tí a kò lè rí kò yàtọ̀ sí káàdì tó jóná. Nítorí náà, ọ̀nà kan ṣoṣo kọ́ ni bàbá fi ń tọ́jú orúkọ aláìsàn. Ìwé ńlá kan wà fún nọ́ńbà, òmíràn wà fún orúkọ, òmíràn sì wà fún àdúgbò. Bí aláìsàn bá gbàgbé nọ́ńbà rẹ̀, wọ́n á fi orúkọ wá a. Bí orúkọ náà bá wọ́pọ̀ jù, àdúgbò ni wọ́n á fi wá a, torí àwọn Sìdíkátù nìkan tó wà nínú ìwé náà lé ní ọgọ́rin. Bí obìnrin bá sì bímọ síbẹ̀, bàbá á fi bírò pupa kọ nọ́ńbà káàdì ìyá sí igun káàdì ọmọ.

"Ọmọ kì í já bọ́ láti ọ̀run," bàbá á ní. "Kọ ibi tó ti wá sí i lára."

Nígbà tó yá, àwọn tó ni ilé-ìwòsàn ra kọ̀ǹpútà, wọ́n sì dá àwọn òṣìṣẹ́ yàrá káàdì dúró, àfi ẹnì kan. Bàbá Zacchaeus kó ìwé rẹ̀ lé àwọn tuntun lọ́wọ́, ó fẹ̀yìn tì. Sìdíkátù padà sílé. Oṣù méje ló fi jókòó, tí kò mọ ohun tí yóò fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Ó ń tọ́jú Hamdalah, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ó ń gbálẹ̀ tó mọ́, ó tún ń gbá a.

Nùrẹ́nì ọkọ rẹ̀, tó ń ṣe fèrèsé alumíníọ̀mù ní Ikotun, ló gbọ́ lẹ́nu oníbàárà kan pé ìjọ kan ní àdúgbò Command ń kọ́ àwọn obìnrin ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lọ́fẹ̀ẹ́ nínú gbọ̀ngàn wọn. Sìdíkátù ní báwo ni òun ṣe máa fi híjáàbù wọ ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ẹ̀kọ́ ni wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ́ni, Ìyá Hamdalah," ni Nùrẹ́nì wí. "Wọn ò ní àwọn fẹ́ rì ẹ́ bọmi."

Ó lọ. Kò sì sí ẹni tó wo híjáàbù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni obìnrin kan tó ń jẹ́ Adéṣọlá wá kọ́ wọn. Apoògùn ni, ṣùgbọ́n ó ti kúrò nídìí títa oògùn, ó dá ilé-iṣẹ́ kékeré kan sílẹ̀ ní Egbeda tí yóò máa ran àwọn alágbàtà oògùn lọ́wọ́ kí ayédèrú má baà wọ àárín ojúlówó. Ó ya àwọn àpótí kéékèèké sára pátákó, ó fi ìlà so wọ́n pọ̀.

"Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìwé kan wà," ó ní, "tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà káàkiri ayé ní ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́. Ohun tí ẹnikẹ́ni bá kọ sí i, gbogbo wọn ló máa rí i. Bí ojú-ewé kan bá ti kún, wọ́n á dè é mọ́ èyí tó ṣáájú rẹ̀, kò tún sí ẹni tó lè fà á ya mọ́. Ojú-ewé yẹn ni wọ́n ń pè ní búlọ́ọ̀kù. Bí wọ́n ṣe so kọ́ra wọn yẹn ni ṣéènì. A máa ń kọ ọ̀rọ̀ páálí oògùn kọ̀ọ̀kan síbẹ̀, láti ilé-iṣẹ́ tó pò ó títí dé ṣọ́ọ̀bù."

Sìdíkátù nawọ́. "Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́, ojú-ewé mélòó ló ti wà nínú ìwé yẹn?"

"Ó ti lé ní ogún mílíọ̀nù."

"Ọ̀rọ̀ oògùn nìkan ló wà níbẹ̀?"

"Rárá o. Ọ̀rọ̀ gbogbo ayé ló wà níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń dé ni wọ́n ń kọ wọ́n."

"Tí mo bá wá fẹ́ rí páálí kan ṣoṣo ńkọ́, ibo ni n ó ti bẹ̀rẹ̀?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Adéṣọlá kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ohun ìkọ̀wé ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe tẹ́lẹ̀, mà?"

"Káàdì ni mò ń wá ní ọsibítù."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró dè mí tí a bá parí."

Báyìí ni Sìdíkátù ṣe dé Egbeda, sí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí wọ́n ti ń ta awò ojú nísàlẹ̀. Kíkọ́ iṣẹ́ náà kò rọrùn fún un. Ọdún kan àti ààbọ̀ ló gbà kí ó tó lè dá kọ kọ́ọ̀dù, ìyẹn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, tí kò ní bàjẹ́. Ṣùgbọ́n kókó rẹ̀ yé e láti ọjọ́ kìíní, nítorí iṣẹ́ Bàbá Zacchaeus náà ni. Atọ́ka ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n á kọ ètò kan tí yóò máa ka ojú-ewé búlọ́ọ̀kù lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń jáde. Yóò fo ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn, yóò mú ti oògùn nìkan, yóò sì tò ó sọ́tọ̀: èyí fún nọ́ńbà páálí, èyí fún orúkọ oògùn, èyí fún ṣọ́ọ̀bù. Lẹ́yìn náà, ẹni tó bá fẹ́ mọ nǹkan kò ní ṣí ìwé ńlá yẹn mọ́. Atọ́ka ni yóò bi ní ìbéèrè, èsì á sì jáde kí ó tó ṣẹ́jú.

Ó ṣe àṣìṣe o. Nígbà kan, ó gbàgbé àmì kékeré kan nínú kọ́ọ̀dù rẹ̀, atọ́ka náà dá kíkà dúró fún odindi ọjọ́ méjì, ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Ó rò pé wọ́n á lé òun. Adéṣọlá kàn fa àga sún mọ́ ọn.

"Ìyá Hamdalah, kò sẹ́ni tí irú rẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ sí rí. Ẹ jẹ́ ká kọ ohun tí yóò máa pè wá tó bá ti dákẹ́."

Wọ́n jọ kọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà náà ni Sìdíkátù ti ń dúpẹ́ pé ọ̀gá tó máa ń fa àga sún mọ́ni ni Ọlọ́run fún òun.

Ní ọjọ́rú kan nínú oṣù Keje, nígbà tí òjò ti mú ikọ́ bá àwọn ọmọdé káàkiri, fóònù Adéṣọlá dún ní aago mẹ́sàn-án ku díẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ń po oògùn ikọ́ àwọn ọmọdé ló pè. Wọ́n ní àwọn yẹ ìgò tí àwọn tọ́jú sílẹ̀ wò, àwọn sì rí ohun tí kò yẹ kó wà níbẹ̀ nínú ọ̀wọ́ kan, ìyẹn gbogbo ìgò tí wọ́n pò pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun náà lè ba kíndìnrín ọmọ jẹ́. Ẹgbẹ̀ta páálí ni ọ̀wọ́ náà, ó sì ti jáde lọ láti bí oṣù méjì.

Adéṣọlá sọ nọ́ńbà ọ̀wọ́ náà, Sìdíkátù tẹ̀ ẹ́. Ìbéèrè náà kúrú: ibo ni àwọn páálí wọ̀nyí wà? Èsì jáde lójú ẹsẹ̀. Alágbàtà ńláńlá mọ́kànlá ló gbà wọ́n lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn orúkọ àwọn mọ́kànlá yìí, ọ̀rọ̀ kan náà ló wà níwájú páálí tó pọ̀ jù nínú wọn: "A ti pín in." Kò sí ohun tó tẹ̀ lé e.

Ó yé àwọn méjèèjì. Àwọn alágbàtà ti ṣí páálí ńlá, wọ́n ti pín in sí kéékèèké, wọ́n fún àwọn kéékèèké ní nọ́ńbà tuntun, wọ́n sì ti tà á fún àwọn ṣọ́ọ̀bù. Atọ́ka kò mọ̀ pé nọ́ńbà tuntun bá ti àtijọ́ tan.

"Ó ti bọ́ nìyẹn," ni Adéṣọlá wí.

"Kò bọ́, màdáámù. Wọ́n kọ ọ́. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pín páálí ni wọ́n ń kọ ọ́ sórí búlọ́ọ̀kù. Àwa ni a ò sọ fún atọ́ka pé kó mú un."

Ibi tó ti ń sọ̀rọ̀ ni igun káàdì ti wá sí i lọ́kàn, pẹ̀lú bírò pupa lára rẹ̀. Ó fa kọ̀ǹpútà sún mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọ́: nígbàkígbà tí o bá rí i pé wọ́n pín páálí kan, mú nọ́ńbà páálí tí wọ́n pín, kí o sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn kéékèèké tó jáde nínú rẹ̀. Ìlà méjìlélógún péré ni. Adéṣọlá kà á láti òkè dé ilẹ̀, ó ní ó dára.

Ìṣòro kan ló kù. Atọ́ka ní láti padà sẹ́yìn kí ó tún ìwé náà kà, nítorí kò mú àwọn ọ̀rọ̀ yẹn nígbà tó kọ́kọ́ kọjá lára wọn. Ọdún mẹ́ta ni ilé-iṣẹ́ wọn ti ń kọ nǹkan síbẹ̀.

"Wákàtí mẹ́fà ni yóò gbà, Ìyá Hamdalah," ni Adéṣọlá wí. "Ọmọ ẹni ẹlẹ́ni á ti mu ún lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó kà á tán."

Sìdíkátù tún wo nọ́ńbà ọ̀wọ́ náà. Ó ní, "Ọjọ́ wo ni wọ́n po oògùn náà?"

"Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Karùn-ún."

"Kí la wá fẹ́ lọ ṣe ní ojú-ewé ọdún mẹ́ta sẹ́yìn? Ọ̀wọ́ yìí ò tíì dáyé nígbà náà. Ẹ jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ kíkà láti ojú-ewé ọjọ́ kẹrìnlá yẹn."

Adéṣọlá gbà bẹ́ẹ̀. Ìṣẹ́jú márùndínlógójì ni gbogbo rẹ̀ gbà. Láàárín àkókò náà, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe ju kí wọ́n máa wo ìlà kan tó ń gùn díẹ̀díẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà bí kíkà náà ṣe ń lọ. Adéṣọlá ń gbàdúrà kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ní orúkọ Jésù. Sìdíkátù ń fi ìka ka tẹ̀sùbáà lábẹ́ tábìlì. Bí atọ́ka ti kà á tán, Sìdíkátù tẹ ìbéèrè tuntun: fi gbogbo páálí tó ti inú ọ̀wọ́ yìí jáde hàn mí, àti ọmọ wọn, àti ọmọ ọmọ wọn, àti ibi tí wọ́n wà lónìí.

Ibi igba ó lé mẹ́rìnlá ló jáde, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù.

Àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́fà tó wà nínú ọ́fíìsì pín in mọ́ra wọn, wọ́n ń pè. Apá ìsàlẹ̀ ló bọ́ sọ́dọ̀ Sìdíkátù. Nígbà tó dé ìlà kẹsàn-án, ó dúró. Kẹ́mísì Ìyá Ganiyat ni, ní Egan, títì tó wà lẹ́yìn ilé òun gan-an. Ó pè é, fóònù kò lọ. Ó tún un pè, kò lọ. Ó gbé àpò rẹ̀, ó wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá.

Ìyá Ganiyat ń to nǹkan sórí pẹpẹ nígbà tó wọlé. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí Sìdíkátù sọ̀rọ̀ tán tó fi gbé páálí kékeré náà sílẹ̀. Ìgò méjìlá ló yẹ kó wà níbẹ̀. Mọ́kànlá ló kù.

"Àná ni mo ta ọ̀kan," ni Ìyá Ganiyat wí. "Ìyá Ṣeunfúnmi ló rà á, Lucy, èyí tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba, tó ń gbé ilé aláwọ̀ ìyeyè lọ́hùn-ún. Ọmọ ẹ̀ ń wúkọ́."

Àwọn méjèèjì jọ yára lọ síbẹ̀. Lucy ti gba àyè níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà nítorí ọmọ. Ìgò náà wà lórí fíríìjì, ó ti ṣí. Ó ní òun ti fún ọmọ ní ṣíbí kan lálẹ́ àná, ọ̀kan láàárọ̀ yìí, ó tún ku ti ọ̀sán. Sìdíkátù sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un ní pẹ̀lẹ́, láìfi ọ̀rọ̀ kankan pamọ́. Obìnrin náà jókòó sórí àpótí.

"Ṣé mo ti pa ọmọ mi ni?"

"Rárá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Ṣíbí méjì ni. Ẹ mú ìgò náà dání, ká lọ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Mo máa bá yín lọ."

Wọ́n lọ. Àwọn dókítà gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà, wọ́n gba ìtọ̀ rẹ̀, wọ́n dá a dúró fún ọjọ́ méjì láti máa wò ó. Kíndìnrín rẹ̀ kò bàjẹ́. Ní ọjọ́ ẹtì, Ṣeunfúnmi padà sílé, ó ń sunkún pé kí wọ́n fún òun ní bisikíìtì.

Kí ó tó di aago márùn-ún ọjọ́rú yẹn, ibi igba ó lé mẹ́sàn-án ti dáhùn, wọ́n ti kó oògùn náà kúrò lórí àtẹ. Àwọn márùn-ún tó kù, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi wá wọn rí lọ́jọ́ kejì. Wọ́n rí ọmọ mélòó kan tí wọ́n gbé lọ sí ilé-ìwòsàn, gbogbo wọn ló sì padà sílé.

Ní ọjọ́ àbámẹ́ta, Sìdíkátù ra ọsàn àti búrẹ́dì, ó wọkọ̀ lọ sí Shasha, níbi tí Bàbá Zacchaeus ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ojú bàbá kò ríran dáadáa mọ́. Ohùn Sìdíkátù ló fi dá a mọ̀ nígbà tó kúnlẹ̀ kí i.

"Sìdí, ìwọ ha nìyẹn?"

"Èmi ni, bàbá. Mo wá dúpẹ́ ni."

Ó sọ ìtàn náà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Búlọ́ọ̀kù àti ṣéènì kò fi bẹ́ẹ̀ yé bàbá, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ti ìwé tí kò ní atọ́ka, ó sì gbọ́ ti nọ́ńbà ìyá tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọmọ. 

"Ẹni tó kọ́ èmi náà ló ni ín," ni ó wí. "Obìnrin nọ́ọ̀sì kan ní Ìjẹ̀bú ni. Ó ti kú tipẹ́. Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó o bá ń kírun."

Sìdíkátù ní òun á ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì bi í ní orúkọ obìnrin náà kó má baà ṣì í pè.

Lucy náà wá kí i lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn. Ó ní òun fẹ́ rí ohun tó gba ọmọ òun là. Sìdíkátù ṣí kọ̀ǹpútà, ó fi ìlà kan hàn án, nọ́ńbà gígùn kan pẹ̀lú orúkọ kẹ́mísì Ìyá Ganiyat ní iwájú rẹ̀. Lucy wò ó títí.

"Ta ló kọ ọ́ síbẹ̀?"

Ìbéèrè yẹn kò kúrò lọ́kàn Sìdíkátù. Òun ló wá a rí, òótọ́ ni. Nùrẹ́nì ló ní kó lọ kọ́ṣẹ́, Adéṣọlá ló gbà á síṣẹ́, ó sì ti dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ti jókòó sí sítọ́ọ̀ alágbàtà kọ̀ọ̀kan, nínú ooru, tó ń kọ nọ́ńbà páálí ńlá àti ti kéékèèké tó pín in sí, lójoojúmọ́, láìmọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni máa kà á. Ká ní wọ́n ti ṣe ọ̀lẹ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ìlà kékeré yẹn kò ní sí níbẹ̀, kò sì sí ìbéèrè tó lè mú un jáde.

Ó tọrọ ààyè lọ́dọ̀ Adéṣọlá, ó gba nọ́ńbà àwọn tó ń tọ́jú sítọ́ọ̀ ní ọ̀dọ̀ àwọn alágbàtà mọ́kànlá náà, ó sì kọ̀wé sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó sọ ẹni tí òun jẹ́ fún wọn. Ó ní àwọn ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ, ó sì sọ iye àwọn ṣọ́ọ̀bù tí àwọn tipasẹ̀ rẹ̀ dé. Ó ní ọmọ ọdún méjì kan wà ní Egan tó ń jẹ bisikíìtì nítorí rẹ̀. Ó fi èyí parí rẹ̀: "Ẹ ṣeun, Ọlọ́run á san yín lẹ́san rere."

Ọ̀pọ̀ nínú wọn dá a lóhùn pé àmín. Ọ̀kan nínú wọn, Charity, tó wà ní sítọ́ọ̀ alágbàtà kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó, kọ tirẹ̀ gùn díẹ̀.

"Àǹtí, ọdún méjì ni mo ti ń kọ nǹkan yìí, mo rò pé kò sẹ́ni tó ń wò ó. Ọ̀gá mi ní kí n má fi ṣíṣe rẹ̀ dá ara mi lágara tí èrò bá pọ̀. Mo ṣáà ń ṣe é ni. Ẹ ṣé tẹ́ ẹ sọ fún mi. Kí lorúkọ ọmọ náà?"

Sìdíkátù kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i pé Ṣeunfúnmi ni.